Ẹlẹ́ja Tí Kò Lè Fọwọ́ Kan Yìnyín

Ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni wọ́n ń ta ìbọ̀wọ́ onírun, irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà máa ń wọ̀ nígbà ọyẹ́. Mo ná an títí, ọkùnrin tó ń tà á kò dín kọ́bọ̀. Ìgbà tí oòrùn ń yan èèyàn bí àgbàdo ni o, òógùn ń ṣàn ní ìpàkọ́ gbogbo wa lọ́jà Ìkẹ́rẹ́. Ọkùnrin náà wo ojú mi, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní:

"Mọ́mì, ṣé ọ̀kadà lẹ fẹ́ máa gùn ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ ni mo sì máa kọ́kọ́ gbé."

Ó rẹ́rìn-ín, kò tìtorí ẹ̀rín dín owó. Mo san án. Mo wọ ìbọ̀wọ́ náà lójú ẹsẹ̀, mo gba àárín ọjà kọjá bí ẹni tó ń lọ bá ẹnìkan jà. Alátà kan pè mí, ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́ja, ta lẹ fẹ́ lù lẹ́ṣẹ̀ẹ́?" Mo ní kí ó tò sórí ìlà, pé wọ́n pọ̀.

Ẹja inú yìnyín ni mò ń tà. Kótè, ṣáwá, pánlá. Kí àkọ́bí mi tó hu eyín ni mo ti ń fi ọwọ́ lásán fọ́ páálí ẹja tó ti gan di òkúta. Ọwọ́ mi mọ yìnyín ju bí ó ṣe mọ ara ọkọ mi lọ, kí ọkọ mi má bínú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ń fa oògùn jẹjẹrẹ sí mi lára, tí mo bá fi ìka kan ẹja, ṣe ló ń dà bí ìgbà tí ẹnìkan kó abẹ́rẹ́ gbígbóná kún abọ́, tó ní kí n fọwọ́ nínú rẹ̀. Ohun tó ń bọ́ mi ló wá ń bù mí jẹ. Ẹni tó bá ní kí n má bínú, kó lọ wá iṣẹ́ ṣe.

Inú ìfun ni jẹjẹrẹ náà jókòó sí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, gbogbo ẹnu ló parapọ̀ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Nílẹ̀ wa níbí, ìdí èèyàn kì í ṣàìsàn mìíràn. Wọ́n ní mo fẹ́ràn nǹkan dídùn jù. Mo mu àgbo inú ìgò, mo mu àgbo inú ọ̀rá, mo mu èyí tí obìnrin kan ń kiri láti Emùré, tó ní ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo ẹ̀yìn ríro, ó sì ń wo ọkọ tí kì í gbọ́ràn. Ọkọ mi kò gbọ́ràn, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ìgbà tí mo rù tí ìró mi ń yí mi po lẹ́ẹ̀mejì ni a tó lọ sí ọsibítù ńlá. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n gé ibi tó bàjẹ́ nínú ìfun náà jù nù. Dókítà ní àwọn ti gé èyí tí ojú rí, oògùn ló kù tó máa lé èyí tí ojú kò rí. Oògùn yẹn ni wọ́n ń pè ní kímò. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mò ń lọ jókòó kí wọ́n fi dírípù fà á sí mi lára.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí fáìlì fún mi, wọ́n bi mí léèrè iṣẹ́ mi. Mo ní mò ń tajà. Wọ́n kọ "tírédà" síbẹ̀, wọ́n pa bíírò dé. Tírédà! Ẹni tó ń ta páànù, tírédà ni. Ẹni tó ń ta abẹ́rẹ́, tírédà ni. Kò sẹ́ni tó bi mí pé, "Màmá, kí lẹ̀ ń tà gan-an?" Wọ́n bi mí bóyá mo ń mu sìgá. Èmi! Wọ́n bi mí bóyá ìyá ìyá mi ní irú àìsàn yìí rí. Ìyá ìyá mi kú kí dókítà kankan tó dé ìlú wọn, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?

Nọ́ọ̀sì tó fa oògùn náà kìlọ̀ fún mi dáadáa, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Màmá, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan tútù o. Ẹ má mu omi tútù. Ẹ má jókòó síwájú fáànù." Mo ní mo ti gbọ́. Lójú tèmi, irú ìkìlọ̀ tí wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, tí wọ́n á ní kí ó wọ ìbọ̀sẹ̀, kí ó sì fi gèlè di etí. Mo bímọ mẹ́rin, n kò wọ ìbọ̀sẹ̀ kankan, n kò sì kú.

Lọ́jọ́ kejì, mo jí, ara mi yá gágá. Mo ń fi kímò náà rẹ́rìn-ín: ṣé èyí ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá? Mo dé ìsọ̀, mo ṣí fìrísà, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Iná gbé mi! Ohun tí mo rò nìyẹn. Mo pariwo, mo ju ẹja sílẹ̀, odindi páálí kótè kan sì bọ́ lu ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Mo fa wáyà kúrò lára ògiri, mo tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Iná tí mo ti yọ náà tún gbé mi.

Mo ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ iná. Ó tú ẹ̀yìn fìrísà, ó fi irin rẹ̀ tọ́ ọ wò níhìn-ín lọ́hùn-ún, ó fi ọwọ́ lásán ra á láti òkè délẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun.

Ó ní, "Màmá, kò sí iná lára rẹ̀."

Mo ní, "Iná wà lára rẹ̀."

"Ẹ fọwọ́ kan ìta rẹ̀." Mo fọwọ́ kàn án, kò ṣe mí ní nǹkan kan. "Ó dáa, ẹ ki ọwọ́ bọ inú." Mo ki ọwọ́ bọ inú, mo fò sókè bí ọ̀bọ.

Ọkùnrin náà wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Màmá, a jẹ́ pé ara yín ni iná wà." Ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Obìnrin tí ìsọ̀ ẹja rẹ̀ fara kan tèmi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Mo máa dárúkọ obìnrin yìí ní aládùúgbò ìsọ̀ mi, nítorí àwọn orúkọ mìíràn tí mo ti pè é rí kò ṣeé kọ sílẹ̀.

Mo pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù. Ó ní, "Màmá, ṣebí a sọ fún yín!"

Mo ní, "Tírédà lẹ sọ fún. Ẹ kò sọ fún ẹlẹ́ja."

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì mọ sí ọwọ́. Ẹnu mi dà bí ti ẹni tó ń pọ́n kọ́bọ̀ irin lá. Omi ń dùn bí irin, ọbẹ̀ ń dùn bí irin, itọ́ ara mi ń dùn bí irin. Òórùn ṣáwá tí n kì í gbọ́ tẹ́lẹ̀ wá ń wọ imú mi lọ dé àtàrí. Mo gbé ike kékeré kan sábẹ́ tábìlì, tí mo bá wọn kílò méjì fún oníbàárà, màá bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ṣéńjì, màá bì, màá nu ẹnu, màá ní, "Ó ti pé." Ìgbẹ́ gbuuru ń lé mi. Àtẹ́lẹwọ́ mi dúdú bí ìdí ìkòkò. Àyà ń já mi láti di bọ́tìnì, nítorí ìka mi ń ta mí ṣóńṣó bí ẹni pé èèrà ń lọ síbi ìnáwó nínú wọn.

Àwọn obìnrin ìjọ wa wá kí mi. Wọ́n jókòó, wọ́n mí kanlẹ̀. Ọ̀kan ń wo orí mi ṣáá. Nígbà tí kò lè pa á mọ́ra mọ́, ó ní, "Irun yín kò tíì re?" Mo ní ó ṣì wà níbẹ̀. Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì. Wọ́n ti sọ fún un pé irun a máa re, òun sì ti wọ mọ́tò wá láti wá wò ó.

Mo ra ìbọ̀wọ́ nígbà tí mo rí i pé ìsọ̀ mi fẹ́ tì. Ó gbà mí fún ìwọ̀n kílò kan péré. Omi yìnyín wọ inú òwú rẹ̀, ó dì, ó wá di ìbọ̀wọ́ tí a fi yìnyín hun. Mo fi ọ̀rá wé e, ọ̀rá ń yọ̀, ẹja ń bọ́ sílẹ̀. Èyí tó wá burú jù ni pé àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Kí ló wà lọ́wọ́ tí Ìyá Ẹlẹ́ja ń bò? Obìnrin kan tí mo ti ń ta ẹja fún láti ìgbà tó wà nílé ọkọ àkọ́kọ́, tó ti wà nílé ìkejì báyìí, bi mí lójú ara mi bóyá ẹ̀tẹ̀ ni. Mo ní, "Ẹ̀tẹ̀ kọ́, ìwọ ni mi ò fẹ́ fọwọ́ kàn." Ó kọjá lọ ra ẹja lọ́dọ̀ aládùúgbò ìsọ̀ mi. Ẹnu mi yìí kì í jẹ́ kí n jèrè tán.

Ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, kò tíì dé. Nítorí náà, ẹja ni mo fi ń ra oògùn. Kò fara sin fún ẹnikẹ́ni nínú ilé wa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, òun àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wá láti Ìsẹ̀ pè mí jókòó.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí gbé iṣu wá, ó sì gún iyán fúnra rẹ̀, òun tí eékún ń dùn. Uyán ni àwa ń pè é nílé. Ó bù ú fún mi, funfun bí òwú, eéfín ń jáde lára rẹ̀. Òkèlè àkọ́kọ́ dúró sí ọ̀fun mi bí àlejò tí kò mọ ibi tí yóò gbà.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kò lọ."

"Kí ni kò lọ? Uyán?" Ó gbé ọwọ́ lérí. "Ọmọ Èkìtì kan kì í sọ pé uyán kò lọ. Ibi tí uyán kò bá ti lọ, ẹ̀mí ló ń palẹ̀ ẹrù mọ́ níbẹ̀."

"Oògùn ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Oògùn wo ló ń bá uyán jà? Májèlé ló ń bá oúnjẹ jà."

Ọkọ mi wẹ ọ̀fun. Ó ní, "Ìyá wọn, a ti rí ẹni tó fẹ́ ra fìrísà."

"Fìrísà ta ni?"

"Tìrẹ."

"Mo ní mò ń tà á ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Wà á tẹ̀lé mi lọ sí ulé. Wà á sinmi. Kí lo tún ń fi ẹja ṣe pẹ̀lú ọwọ́ tí ẹ̀mí àìrí ń jó?"

Mo ní, "Tí mo bá sinmi, ta ni yóò san owó oògùn?"

Àwọn méjèèjì wo ilẹ̀. Ilẹ̀ kò lówó lọ́wọ́. Mo sọ fún wọn, n kò sì fi ohùn tútù sọ ọ́: fìrísà yẹn ló ń ra oògùn. Tí fìrísà bá lọ, oògùn lọ. Kí wọ́n wá ṣírò ẹni tí yóò tẹ̀lé àwọn méjèèjì lọ. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Inú bí mi sí ẹkún náà ju ọ̀rọ̀ lọ. Ara mi ni wọ́n gé, ara mi ni wọ́n ń fa májèlé òyìnbó sí, ẹlòmíràn ló wá ń sunkún, èmi ni mo tún ní láti máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa oògùn sí mi lára ní ìjẹta, ilé kún fún àwọn tó ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ta ló yọ sí ẹnu ọ̀nà? Aládùúgbò ìsọ̀ mi. Èmi àti òun kò tíì kí ara wa dáadáa láti ọjọ́ tó fi páálí rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ mi, tí mo sì ju páálí náà sí gọ́tà. Gbogbo ọjà ló mọ̀. Ó wọ aṣọ àtàtà, ó gbé ọ̀rá dúdú lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, nítorí mo jù ú lọ.

"Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á gbé yín dìde. Mo ní kí n wá wò yín."

Ó yọ mọ́ọ̀tì jáde. Inú fìrísà rẹ̀ ló ti gbé e, aṣọ ìnura ló fi wé e kí ó má baà lọ́ wọ́ọ́rọ́ lójú ọ̀nà. Omi ń sun lára agolo náà. Ọ̀wọ̀ ni. Mọ́ọ̀tì tí kò tutù, ẹni tí a kò kà sí ni à ń gbé e fún. Ó já a, ó nà án sí mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ wa ṣe rí: tí ẹni tí ẹ jọ ní gbólóhùn asọ̀ bá gbé nǹkan mímu wá fún ọ lójú àwùjọ, ọ̀nà méjì ló wà. O lè mu ún. Tàbí kí o kọ̀ ọ́, kí gbogbo èèyàn sì mọ̀ pé o gbà pé ó fẹ́ pa ọ́. Kò sí ọ̀nà kẹta tí à ń pè ní "nọ́ọ̀sì ní kí n má mu nǹkan tútù." Ta ló máa gba ìyẹn gbọ́? Ṣe ni wọ́n á ní mo fi ọgbọ́n kọ̀ ọ́. Mo fi etí ìró mi di agolo náà mú, mo gbé e sẹ́nu, mo gbé ẹnu kan ńlá mì, kí ó lè tètè tán.

Ọ̀nà ọ̀fun mi tì pa. Mo ń mí, ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bí ẹni pé n kò mí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi gan, ahọ́n mi wúwo bí ọmọ odó, ohùn kò jáde. Ojú mi yọ síta. Mo gbé ọwọ́ sọ́rùn, mo sì dá ara mi lẹ́bi fún gbígbé e, nítorí ọwọ́ tí mo gbé sọ́rùn ni ẹ̀gbọ́n mi rí.

"Ó ti ṣe é o! Ó ti fún un jẹ o! Ẹ gbé epo wá! Epo!"

Kí ọkọ mi tó rí awò ojú rẹ̀, wọ́n ti la ẹnu mi sókè, wọ́n ń da epo pupa sí i. Epo! Sínú ikùn tí kò gba omi lásán láti àná. Mo bì í sára ọkọ mi, sára aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn èèyàn, sórí Bíbélì ẹnìkan. Bí mo ṣe ń bì ni wọ́n ń kígbe ayọ̀ pé ó ń jáde, ó ń jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ti di ìró aládùúgbò ìsọ̀ mi mú, ó fà á ya ní ẹ̀gbẹ́.

"Èmi?" ni obìnrin náà ń sọ. "Èmi kẹ̀?"

Ó já ara rẹ̀ gbà. Ó mú agolo mọ́ọ̀tì náà nílẹ̀ níbi tí mo gbé e sí, ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún tán, ó dorí rẹ̀ kodò kí gbogbo wọn rí i pé kò ku ẹ̀kán kan. Ó ní, "Ẹ jókòó tì mí. Ẹ máa wò ó bóyá màá kú." Ó fa àga, ó jókòó sáàárín wọn. Wọ́n ń wò ó. Kò kú. Ó gùnfẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí omi lọ́wọ́ọ́wọ́ tí ọkọ mi gbé wá ti tú ọ̀fun mi, mo ní, "Òtútù ni. Oògùn náà ni kò fẹ́ òtútù."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Májèlé ti dé ọpọlọ rẹ̀."

Aládùúgbò ìsọ̀ mi dìde, ó di aṣọ rẹ̀ tó ya mú. "Ìyá Ẹlẹ́ja, mo rí yín bí ẹ ṣe ń jà pẹ̀lú fìrísà. Mo wá sọ fún yín pé kí n máa bá yín kó ẹja jáde ni. Ó ti tán." Ó lọ.

Mo bínú lọ́jọ́ yẹn dé ibi tí mo ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ kan ṣoṣo tó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ní gbogbo ọjà, a ti da epo sí i.

Ọ̀rọ̀ náà dé ọjà ṣáájú wa. Ẹnikẹ́ni kì í ra ẹja lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ní ó ń fún èèyàn jẹ. Ẹnikẹ́ni kì í sì í ra ẹja lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ní ó ti jẹ májèlé. Wọ́n ń gba iwájú àwa méjèèjì kọjá lọ sí ojú ọ̀nà Adó lọ ra ẹja. Wọ́n mú iná lọ, ẹja ń rọ̀. Ọjọ́ tí mo máa tún lọ gba oògùn ń súnmọ́lé, ẹni tó fẹ́ ra fìrísà sì wá, ó ń fi apá wọn ìbú rẹ̀ lójú mi, ó ń béèrè lọ́wọ́ ọkọ mi bóyá ó máa gba ẹnu ọ̀nà òun wọlé. Ó wọ̀n ọ́n bí wọ́n ṣe ń wọn pósí.

Ọjọ́ ọjà gan-an, nígbà tí èrò pọ̀ jù, mo kọjá sí ìsọ̀ aládùúgbò mi. Ó gbé fìláàsì ògì gbígbóná ka iwájú, ó ń mu tirẹ̀ nínú kọ́ọ̀pù. Mo dúró. Àwọn alátà gbé orí sókè.

Mo ní, "Fún mi ní ohun tí mo máa mu."

Kò wò mí. "Kí n fún yín ní kí ni? Kí wọ́n tún wá da epo?"

"Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn."

"Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ má fi mí ṣeré o. Ẹ̀gbọ́n yín fa aṣọ mi ya. Owó mọ́ọ̀tì mi ńkọ́?"

"O mu mọ́ọ̀tì rẹ fúnra rẹ. Gbogbo wa la rí i. O tún gùnfẹ̀."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Mo gba kọ́ọ̀pù lọ́wọ́ rẹ̀, mo yíjú sí àárín ọjà kí gbogbo wọn lè rí mi, mo mu ún tán.

Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ti ọ̀fun mi. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe dé ikùn mi ni ikùn mi kọ̀ ọ́. Ó ń gòkè bọ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo mọ ìrìn rẹ̀. Orí mi ń pòòyì, itọ́ kún ẹnu mi. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ojú ń wò mí, wọ́n ń dúró dè é. Tí mo bá bì, ó tán fún obìnrin yìí lọ́jà, kò sì ní sí ọwọ́ tí yóò wọ fìrísà mi mọ́. Fìrísà lọ, oògùn lọ, èmi náà.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní tí kímò kò tíì bàjẹ́ nìyẹn.

"Kí lẹ̀ ń wò? Ṣé sinimá ni? Ìwọ tí o ń ta ata rírà ní ata tútù, èmi ni o ń dúró kí n kú? Ìwọ tí o jẹ mí lówó pánlá láti ọdún àjínde, o wá fẹ́ kí n kú kí o má san! Jẹjẹrẹ ló ń ṣe mí. Jẹjẹrẹ! Nínú ìfun, níbí! Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe mọ́ọ̀tì. Oògùn rẹ̀ ni kò fẹ́ kí n fọwọ́ kan yìnyín. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí ẹ̀jẹ̀ nídìí, tí ẹ ń mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí bí ẹní mu omi, ẹ máa mu ún lọ! Ẹ máa bá mi níbẹ̀!"

Bí mo ṣe ń pariwo ni ògì náà ń padà sísàlẹ̀. Ìbínú ló dì í mú. Mo bú wọn títí òógùn fi bò mí, títí alátà kan fi ní, "Ìyá Ẹlẹ́ja ò ní kú láéláé, ikú ò lè gba irú ẹnu yìí sílé." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó dúró jìnnà, tí kò rẹ́rìn-ín, súnmọ́ mi. Ó rọra ní, "Mà, ẹ̀jẹ̀ ìdí wo lẹ ń sọ?" Mo sọ fún un kí ó lọ sí ọsibítù. Ó ra kílò kan ṣáwá kí ó má baà dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yẹn ló bá wá.

Aládùúgbò ìsọ̀ mi dìde, ó lọ ṣí fìrísà mi, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Mo ń wo ọwọ́ yẹn bí ó ṣe ń wọlé tó ń jáde láìsí wàhálà. Kò sí nǹkan tí mo jowú tó o rí.

Ó ní, "N kò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ o."

"Mo béèrè ọ̀fẹ́ ni?"

Ó dá owó lé kílò kọ̀ọ̀kan. Olè ni. Mo sọ fún un pé olè ni. Ó ní kí n lọ wá ọwọ́ mìíràn. A fà á títí, a gbà pé òun ni yóò máa kó ẹja jáde nínú fìrísà méjèèjì, èmi ni yóò máa wọn, tí n óò sì máa pe oníbàárà fún ìsọ̀ méjèèjì, nítorí òun kò mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó mọ páálí í fi dí ọ̀nà nìkan. Ẹni tó fẹ́ ra fìrísà dé ní ìyàlẹ̀ta pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù. Mo ní kí ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ mi tó tẹ̀ lé e wá dúró, ó wò mí, ó wo ọwọ́ obìnrin tó wà nínú fìrísà mi, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

Ó ní, "Ìyá wọn, ó ti rẹ̀ ọ́. Wá sílé."

Mo ní, "Ó rẹ̀ mí. Ẹ gba sìkéèlì yìí lọ́wọ́ mi kí n lọ bì, kí n padà wá."

Ó gbà á. Ọkọ mi tó ti kọ́ gbogbo ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ní ìṣirò wọn kótè fún oníbàárà méjì, àwọn méjèèjì ló sì fún ní ju iye wọn lọ. Mo padà dé, mo bú u, mo gba sìkéèlì mi.

Nígbà tí ọjà tú, mo jókòó sórí páálí, ẹsẹ̀ mi ń ta mí, ẹnu mi ń dùn bí irin síbẹ̀. Mo yọ owó ẹja tó rọ̀ tí a dà nù. Mo yọ owó epo jẹnẹrétọ̀. Mo yọ owó ọwọ́ aládùúgbò ìsọ̀ mi, mo sì sọ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i pé olè ni. Oògùn tó kàn ń bẹ níwájú, owó rẹ̀ ga bí òkè. Èrè tó kù lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ọ̀ọ́dúnrún àti àádọ́ta náírà.